Ẹfúnṣetán lẹ́nu àwọn òǹwòran

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, mo yà lọ́dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ kan lọ́nà Bẹ́yẹrunkà, n'Íbàdàn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sórí àpò ẹ̀lùbọ́, ó tẹjú mọ́ fóònù. Kàtúùnù Batman ló ń wò. Nígbà tó pẹ́, ó gbójú sókè: "Ìyá àgbà, ọkùnrin oníyìnyín yìí ò kúkú burú. Ìyàwó ẹ̀ ló ń sàìsàn, òun ló jẹ́ kó máa sèkà." Ìyá àgbà ń gbá ẹ̀lùbọ́ tó dà sílẹ̀ jọ, kò wojú rẹ̀. "Ta ni ò ní aláìsàn nílé?"

Ẹnu yún mi. Mo ní, "Ìyá, Ẹfúnṣetán ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ o." Ó gbé kóńgò sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà ti ń bá wọn sọ ọ́. Mélòó ló kú mọ́ èmi lọ́wọ́? Orí aboyún mélòó ni mo wá bẹ́?"

N ò rí èsì fọ̀. Mo san owó kóńgò méjì, mo gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn eléré ti ń tún Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn láyé àtijọ́ tí wọ́n ní ó ń pa ẹrúbìnrin rẹ̀ tó bá lóyún, ṣe fún wa, tí wọ́n ń bọ́ aṣọ òṣìkà lọ́rùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn òǹwòran àárín ìgboro Ìbàdàn kò sì tíì gbà tán. Mo fẹ́ yẹ ohun tí wọ́n ń kọ̀ àti ohun tí wọ́n ń gbà wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ọkùnrin oníyìnyín náà, torí pé òun ló bá mi ṣílẹ̀kùn. Mr. Freeze lorúkọ rẹ̀. Fún ọdún gbọọrọ, ẹni yẹpẹrẹ ni láàárín àwọn ọ̀tá Batman: ó gbé ìbọn tó ń yọ yìnyín, ó ń jalè, wọ́n ń mú un, ó parí. Ní 1992 ni Paul Dini kọ ìtàn kan fún kàtúùnù náà tí wọ́n pè ní "Heart of Ice", tí Bruce Timm sì darí. Inú ìtàn yẹn la ti gbọ́ pé ọkùnrin náà níyàwó, Nora, tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn. Ọkọ rẹ̀ gbé e sínú yìnyín kó má baà kú kí oògùn tó dé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wá yọ wáyà kúrò lára iná. Ìtàn ogún ìṣẹ́jú péré ni o. Àwọn òǹwòran gbà á débi pé àwọn ìwé aláwòrán tí wọ́n ti mú Batman jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ fúnra wọn yí ìtàn wọn padà kó lè bá a mu. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2012, àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ní Nora kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ rárá, pé obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí lọkùnrin náà ń sínwín sí. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ fàáké kọ́rí, nígbà tó sì yá, wọ́n dá ìyàwó padà fún un. Ẹni tí a bá ti bá sunkún, kò wù wá kí wọ́n wá sọ fún wa pé òkú náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ti Ìbàdàn yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti hùmọ̀ ẹkún fún Ẹfúnṣetán. Ẹkún náà wà nínú àkọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Samuel Johnson, tó ṣe tíṣà ní Ìbàdàn nígbà ayé obìnrin yìí, tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ sì jáde ní 1921, sọ ọ́: àwọn ẹrú tó wà lóko Ẹfúnṣetán nìkan tó ẹgbàá, láìka àwọn tó wà nílé; ó ní balógun tirẹ̀ àti ọmọ ogun tirẹ̀; ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn sì kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Láti ìgbà náà, ni Johnson wí, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìkà sí ẹrúbìnrin rẹ̀ tó bá lóyún, tó ń fi agbára ba oyún wọn jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìwà ìkà yẹn jẹ́ irọ́ tí àwọn eléré pa mọ́ ọn, kó padà lọ ka Johnson.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà, tó jẹ oyè náà ní 1871, ti ogun Adó dé ní 1874. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀. Ìkíní, kò bá òun lọ sógun. Èkejì, kò fi nǹkan jíjẹ àti nǹkan ìjà ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Ẹ̀kẹta, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Ẹ ka ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ẹ kà á bọ̀: kò sí aboyún kankan níbẹ̀, kò sí ẹrú. Olóyè tí kò gbé oúnjẹ wá tí kò sì wá kí èèyàn ni wọ́n ń bá jà. Ẹfúnṣetán san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀ títí, síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí 1874 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi Ìyápọ̀ jẹ Ìyálóde dípò rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Lálẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù Òkúdù, ẹrú rẹ̀ méjì sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà ibi tó sùn sí, wọ́n fọ́ ọ lórí. Kúmúyìlọ, ìbátan rẹ̀ tó gbà tọ́ bí ọmọ, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ Látòósà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìlú bèèrè ẹ̀jẹ̀ Ìyálóde, ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa. Ààrẹ ṣì jẹ́ Ààrẹ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ká wá bọ́ sórí ìtàgé.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn láti Labọ̀dé, kọ eré onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ọ̀dọ́; ìwé náà jáde ní 1970. Nínú eré yẹn ni òfin ti jáde pé ẹrúbìnrin tó bá lóyún, orí ni yóò fi dí i. Inú eré yẹn ni Adétutù ti kú toyún toyún, tí ẹni tó fún un lóyún sì ń wá bí yóò ṣe gbẹ̀san. Látòósà kó ìlú lẹ́yìn, ó wá ko òṣìkà lójú, oògùn ju oògùn lọ, wọ́n mú obìnrin náà lẹ́rú. Kò lè fara da ẹ̀sín, ó gbé májèlé jẹ. Ó dára lórí ìtàgé ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ. Òǹkọ̀wé tó mọ èdè bí ẹní mọ ìka ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu Ẹfúnṣetán bí iná tó ń jó pápá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ikú ti yí padà. Obìnrin tí wọ́n fọ́ lórí lójú oorun ti di obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ẹ̀sùn pé kò gbé oúnjẹ lọ sógun ti di ẹ̀sùn pé ó ń pa aboyún. Olówó tí wọ́n jẹ ní gbèsè, a ó débẹ̀, ti di àjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń yí Ẹfúnṣetán padà, mo máa ń rẹ́rìn-ín: ìyípadà tó tóbi jù ti ṣẹlẹ̀ láti 1970, òun la sì mú bí ìtàn.

Àwọn òǹwòran náà mú un bí ìtàn pátápátá. Ní 1981, ẹgbẹ́ eré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí I Show Pepper, gbé eré náà lọ sí pápá ìṣeré ńlá kan níhìn-ín, àwọn tó wá wò ó sì tó ẹgbàá méje. Ẹgbàá méje èèyàn, fún eré orí ìtàgé! Ọdún yẹn kan náà ni Bánkọ́lé Bello gbé e sínú sinimá. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá ló ń ṣe Ẹfúnṣetán. Bó ṣe ṣe é kò lẹ́gbẹ́. Ó dà bíi pé egungun obìnrin náà ló jí. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára, títí di òní, ẹni tí kò mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ yóò ní "Ẹfúnṣetán ló ń lọ yẹn." Nígbà tí Túndé Kèlání tún fíìmù náà ṣe ní 2005, òun náà ni wọ́n pè padà sí i.

Kí ló mú ìdùnnú yẹn wá nígbà tí òṣìkà bá ṣubú? Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé ìkórìíra obìnrin ni, pé obìnrin olówó kò gbọ́dọ̀ láyọ̀ lójú wa. Ó wà níbẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n obìnrin ló kún ìdajì àwọn tó ń wo fíìmù yìí láwọn ilé tí mo ti wò ó, àwọn ló sì máa ń pariwo jù. Ìdí ni pé wọn kì í bá Ìyálóde wo fíìmù náà. Adétutù ni wọ́n ń bá wò ó. Ìyá tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí ní Èkó, tí màdáámù fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá lójú, tí wọ́n lé jáde nítorí oyún, kò wá wo ẹ̀tọ́ obìnrin láti jẹ oyè ìlú. Màdáámù rẹ̀ ló ń wò tó ń bọ́ sọ́wọ́ ìlú. Ẹ ò lè fi ìwé ńlá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ńlá náà sì dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, kọ nípa Ẹfúnṣetán nínú ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin inú ìtàn Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ rí Ìyálóde gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò: ó ń bá Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Ìkòròdú ṣòwò, ó ń ra ìbọn àti ẹ̀tù, ó ń gbé e fún àwọn ológun Ìbàdàn láwìn. Ogun á tán, gbèsè ò ní í tán. Nígbà tó yá, ó ní òun kò tajà àwìn mọ́, kò sì fara mọ́ ogun àjàìdáwọ́dúró tí Ààrẹ ń jà. Ẹni tó jẹ èèyàn lówó, tó tún fẹ́ yá sí i, tí wọ́n sì kọ̀ fún un, ẹ̀yin náà mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí.

Láti ìgbà náà ni òṣìkà ti ń di akọni. Ère rẹ̀ wà ní oríta Challenge, mọ́tò ń yí i po láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn obìnrin tó kàwé ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Lórí ìtàgé, àwọn eré tuntun ń jẹ́ kó sunkún ọmọ rẹ̀ pẹ́ kó tó ṣe ohunkóhun, bí ti ọkùnrin oníyìnyín. Ibí gan-an ni mo rò pé àwọn olùtúnṣe ti ṣìnà, tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì ti mú wọn. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni yóò tú u láre. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ìyá lè ka orúkọ ọmọ tí wọ́n sin fún ọ, ìbànújẹ́ kì í ṣe àwíjàre. Ohun tó lè tú u láre, bí ohunkóhun bá wà, ni ìwé gbèsè.

Mo rí i bẹ́ẹ̀ fúnra mi ní Ọjà'ba. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè níbẹ̀, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta, kò fẹ́ gbọ́ nípa ọmọ tó kú. Ó ní eré ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débi pé àwọn balógun ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán, ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kan tí epo ti rin jáde, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan níwájú mi. Àwọn tó gba aṣọ ẹbí tí wọn kò san. Àwọn tó ti kú tí wọn kò san. Ó fi ìka lé orúkọ kan tí wọ́n fi bíírò pupa fàlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹni yìí, tí mo bá kú lónìí, á jó." Òun nìkan ni mo tíì rí láàárín ìgboro tó gba Ẹfúnṣetán tuntun tọwọ́tẹsẹ̀, ìwé gbèsè ló sì fi gbà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi fíìmù sórí mẹ́mórì fún àwọn èèyàn ní Bẹẹrẹ, lábẹ́ agboòrùn tó kọjú sí òkè Mapo, sọ tirẹ̀ ní ṣókí. Ti àtijọ́ ni wọ́n máa ń béèrè, ó ní. Èyí tí Ìyálóde kò bá ti burú tó, wọn á ní kò dùn. Mo wo òkè náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Gbọ̀ngàn Mapo pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ gbàgàdà tí wọ́n ṣí ní 1929, páànù ìpẹtà lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ agboolé tó wà lábẹ́ páànù yẹn ló ti ọwọ́ ológun bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ológun tí kò lẹ́rú. Ẹlòmíràn ńbẹ̀, ọmọ ológun ni. Ẹlòmíràn, ọmọ ẹrú tó di ọmọ ilé. A kì í bèèrè. Ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò nínú fíìmù náà láìsọ jáde: ẹrú ló ń borí nígbẹ̀yìn rẹ̀, ìlú sì ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnìkan wé e. Mádàámù Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá láti 1864, ẹni tó kú ní 1887, ọmọ Ẹ̀gbá ni bíi Ẹfúnṣetán. Ó ta ẹrú, ó ta ìbọn, ó dá sí ọ̀rọ̀ oyè, wọ́n lé e kúrò l'Ékòó. Lónìí, gbàgede Tinúubú wà láàárín Èkó, ère rẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta. Ìṣọ̀lá yìí kan náà ló tún kọ eré sórí rẹ̀, Olú Ọmọ, níbi tí obìnrin alágbára ti jẹ́ akọni. Àwọn ẹrú Tinúubú kò ní Adétutù kankan tó máa sọ̀rọ̀ fún wọn lórí ìtàgé. Bí wọ́n bá ní, bóyá gbàgede yẹn ì bá máa jẹ́ orúkọ mìíràn. Tinúubú jà fún ìlú tó gbà á, ìlú sì rántí rẹ̀. Ẹfúnṣetán kọ̀ láti bá ìlú tó gbà á jagun, a sì rí bó ṣe jẹ́.

Ti Baṣọ̀run Gáà, olóyè Ọ̀yọ́ ìgbàanì, kò pẹ́ sọ. Adébáyọ̀ Fálétí ti fi eré tirẹ̀ sọ ọ́ di òṣìkà inú ìwé fún wa, àwọn ọba tó pa kò ṣeé fi ẹ̀rín bò. Nígbà tí Bọ́láńlé Austen-Peters gbé House of Ga'a jáde ní 2024, tí Fẹ́mi Branch sì ṣe Gáà níbẹ̀, wọ́n mú wa wọ inú ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tí mo bá wò ó gbádùn aṣọ, wọ́n gbádùn ẹṣin, kò sẹ́ni tó bá Gáà sunkún. Kúrunmí ti Ìjàyè ńkọ́? Nínú eré Ọlá Rótìmí, akọni tó kú ikú akọni ni. Ní Ìbàdàn, tó bá a jà láti 1860 títí Ìjàyè fi tú ní 1862, n ò tíì rí agboolé tó fi orúkọ rẹ̀ sọmọ. Ibi tí òǹwòran bá jókòó sí ni òṣìkà ti ń jáde.

Èrò tèmi nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jà. Ikú tí wọ́n kọ fún Ẹfúnṣetán ní 1970 kò tọ́, ó yẹ ká dá ikú rẹ̀ gan-an padà fún un: òru, àjà, ẹrú méjì, ọmọ àgbàtọ́, àti olóyè tó jẹ ẹ́ lówó. Ó pa mí lára pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń jáde tí wọ́n rò pé ó pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ikú rẹ̀ padà tó wá kó àwọn ẹrúbìnrin náà kúrò lórí ìtàgé kí akọni rẹ̀ lè mọ́, olè ló tún jà. Àwọn aboyún yẹn wà. Orúkọ wọn la kò mọ̀, Adétutù nìkan ni Ìṣọ̀lá rí sọ wọ́n. Mo fẹ́ eré tí a ó ti rí méjèèjì, tí inú òǹwòran yóò fi dùn pé wọ́n mú Ìyálóde, tí ara rẹ̀ yóò sì bù máṣọ nígbà tó bá rí ẹni tó mú un àti ìdí tó fi mú un. Ìṣọ̀lá ì bá lè kọ irú rẹ̀. Ó kú ní oṣù Èrèlé 2018.

Mo padà sí Bẹ́yẹrunkà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀lùbọ́ ti tán. Ọmọ ti lọ síléèwé. Ìyá bi mí pé, ṣé mo ṣì ń bá òkú rò ó. Mo sọ fún un nípa ẹ̀sùn mẹ́ta àti ìwé gbèsè. Ó gbọ́ ọ, kò dá mi lóhùn, ó ń wọn ẹ̀lùbọ́. Ó wá bèèrè pé, "Látòósà ọ̀hún, ibo ló kú sí?" Mo ní ojú ogun Kírìjì ni, ní 1885, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tán kó tó kú, kò padà wálé sí Òkè Ààrẹ láàyè.

Ó dáwọ́ dúró díẹ̀.

"Ta ló wá ń bá a gbé ọjà àwìn lọ síbẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ gbá orí kóńgò tẹ́jú, ó dà á sínú ọ̀rá, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i ṣe ènì.